Jẹ́sì Kejì Nọ́ńbà Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn èèyàn ti sọ ọ́ títí ó ti di nǹkan mìíràn. Wọ́n ní èmi ni mo tú àṣírí Ògiri. Wọ́n ní wọ́n sanwó fún mi. Owó kẹ̀? Bí ẹ bá rí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú ju kí wọ́n sanwó fún mi lọ. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é, tẹ̀ríntẹ̀rín, nínú aṣọ ìjáde mi.

Ìyá Jẹ́sì ni wọ́n ń pè mí. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Yàrá mi wà lábẹ́ àga àwọn òǹwòran: ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin, tí ọ̀kan nínú wọn máa ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tábìlì gígùn kan, áyọ́ọ̀nù méjì, àti àwọn ìkọ́ tí wọ́n tò sára ilé, ìkọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Fèrèsé kékeré kan wà lókè. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀. Bí mo bá wo bàtà wọn, mo ti mọ bí òjò ṣe rọ̀ tó.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́sì dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Lọ́jọ́ eré, jẹ́sì méjì ni agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń ní. Á wọ ọ̀kan fún ìdajì àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá wọlé wá sinmi, á bọ́ ọ, tí yóò ti rin gbingbin fún òógùn, á sì wọ èkejì tó gbẹ. Méjì-méjì, kò yẹ̀. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo ń lọ̀ ọ́, èmi ni mo ń kọ́ ọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan ló wà gbàgàdà láyà jẹ́sì wa. Ike ni wọ́n fi ṣe lẹ́tà ọ̀hún, tí áyọ́ọ̀nù bá kàn án, yíyọ́ ló ń yọ́. Mo gbọ́dọ̀ yí jẹ́sì sí òdì, kí n tẹ́ aṣọ funfun lé e, kí n máa rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ṣe ìyẹn fún èèyàn mẹ́rìnlélógún, lọ́nà méjì. Orúkọ tẹ́tẹ́ yẹn gan-an ló ba ọrùn ọwọ́ mi jẹ́.

Mo tún ní ìwé. Ní ọdún kẹta tí mo dé ibẹ̀, jẹ́sì méje dàwátì, àwọn kan ń tà á níta. Ọ̀gá àgbà pè mí síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí n tú báàgì mi. Mo tú u. Ike oúnjẹ mi àti gèlè tí mo fi ń wérí ni wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n mú ẹni tó ń jí i, ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ ni, àmọ́ ojú ti tì mí ná, ta ló fẹ́ gba ìyẹn padà? Ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí nǹkan tó ń jáde ní yàrá mi tí mi ò kọ. Ta ló gba méjì, ta ló gba ọ̀kan, aago mélòó, ta ló ya tirẹ̀, ta ló bọ́ tirẹ̀ fún òǹwòran. Ìwé kan á kún, màá ra òmíràn. Ìwé mi kì í parọ́. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ó wá ku Ògiri. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Ẹ̀yìn ló ń gbá, nọ́ńbà mẹ́rin. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá gbogbo èèyàn, kì í kọjá òun. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó dé, ó tínrín débi pé mo ní láti fi abẹ́rẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ jẹ́sì rẹ̀ wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò pẹ̀lú wa, ó sì di balógun ẹgbẹ́. Àwọn yòókù, tí wọ́n bá bọ́ aṣọ, wọ́n á jù ú sílẹ̀ gbàá, ìyá ta ni yóò ṣà á? Ògiri á ká tirẹ̀, bó ti wù kó tutù tó, á gbé e lé mi lọ́wọ́: “Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́.” Ìyá tó bí i ti kú kó tó lówó. Èmi náà ò bí ọkùnrin. Ẹ kúkú ti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sí.

Nígbà tó di ìlúmọ̀ọ́ká, wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ gàgàrà mọ́ ara ilé alájà mẹ́fà tó wà ní oríta tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín, orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ọ̀hún wà lókè orí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Ìwọ náà wá dán an wò. Àràárọ̀ ni mo máa ń kí àwòrán yẹn. Ọkọ mi á ní, “Ó kù kó dá ẹ lóhùn.” Òfin wọn sì ni pé agbábọ́ọ̀lù kankan ò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́. Kó gbé orúkọ tẹ́tẹ́ sáyà, kò burú. Kó gbé e sórí ilé alájà mẹ́fà, kò burú. Kó má ṣáà ta á. Ẹ bá mi wo ayé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán la máa gbá bọ́ọ̀lù. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Ògiri yọjú sí yàrá mi. Kì í tètè dé bẹ́ẹ̀. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò fi orí kan ìrọ̀rí.

“Ìyá mi, ẹ káàárọ̀.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé kò sí o? Àbí ìyàwó ẹ lé ẹ jáde ni?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò jókòó. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ọwọ́ ń dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Tí mo bá lọ jẹ́sì kan tán, màá gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, màá fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀tún, màá tún gbé áyọ́ọ̀nù. Mo ti lọ èkíní tirẹ̀ tán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́ sí èkejì ni.

“Ìyá mi, ẹ má wulẹ̀ lọ ìyẹn.”

“Èwo?”

“Èkejì tèmi. Ọ̀kan ti tó mi lónìí. Ẹ sinmi ọwọ́ yẹn.”

“Ṣé aṣọ tútù lo fẹ́ wọ̀ padà sórí pápá? Kí òtútù mú ẹ, kí ìyàwó ẹ wá bá mi fà á? Mi ò lágbára ìjà o.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi. Ẹ fi sílẹ̀.”

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Àwa tá a wà nínú ilé yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún. Dókítà wà níbẹ̀, àwọn tó ń wọ́ra wà níbẹ̀. Ta ló tíì wo ọwọ́ mi rí? Mo ṣàdúrà fún un. Mo ní, “O rò mí, Ọlọ́run á ro tìẹ.” Ó ní “Àmín.” Ó lọ. Mo mú èkejì, mo gbé e kọ́ sórí ìkọ́ nọ́ńbà mẹ́rin bó ṣe rún náà. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Aago mẹ́wàá àárọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin, ọ̀kan. Òun ló ní kí n má lọ èkejì.

Èmi kì í lọ jókòó wo eré. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo máa ń fi ojú kan wò ó. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, mo gbọ́ ariwo lókè orí mi, gbogbo àga ń dún gbàgàgbàgà. Mo gbójú sókè. Ògiri ti sáré láti ẹ̀yìn, ó ti gbá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ lulẹ̀ láàárín pápá, níbi tí ewu kankan ò sí, tí bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ sí nítòsí. Rẹfirí fa káàdì pupa yọ. Ògiri tí kò gba pupa rí láti ọdún mẹ́sàn-án! Kò bá rẹfirí jiyàn. Ó yíjú, ó ń wọlé bọ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó bọ́ jẹ́sì, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. “Ẹ má bínú, Ìyá mi,” ló sọ. Mo ní, “Ta ló bú ẹ? Kí ni wọ́n sọ sí ẹ?” Torí mo rò pé wọ́n bú ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Ó mi orí, ó lọ wẹ̀. Mo bú ọmọ tó gbá lulẹ̀ yẹn lójú tẹlifíṣọ̀n, mo bú rẹfirí, mo bú ìyá rẹfirí mọ́ ọn.

Nígbà tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ mi ló ka ìròyìn náà fún mi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe báyìí ni kí wọ́n máa fi owó búrẹ́dì wa ta tẹ́tẹ́, ọjọ́ kan wọ́n á jẹ, ogún ọjọ́ wọn ò ní jẹ. Wọ́n gbé ìwé ìròyìn sókè, wọ́n yọ ojú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Wọ́n ti pe Ògiri ẹ síwájú ìgbìmọ̀ o.”

“Nítorí káàdì? Ṣé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbá èèyàn lẹ́sẹ̀?”

“Rárá. Àwọn kan ló ta tẹ́tẹ́ láti ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó tó tó kọ́lé, pé Ògiri máa gba pupa kí wọ́n tó wọlé sinmi. Ta ló ń ta irú ẹ̀? Èmi tí mò ń ta lójoojúmọ́, ọkàn mi ò lè lọ síbẹ̀ láéláé. Àfi ẹni tó bá ti mọ̀.”

Mo gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ wọn, mo sì ká a mọ́ra. Mo ní ẹnu wọn ò mọ́, wọ́n ń jowú ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ kò síbi tí mo yà sí tí wọn ò ti ń sọ ọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń pa á lówe: ògiri tí ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Wọ́n á pa á, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo rò pé bóyá ó ṣe é, bóyá kò ṣe é. Ó dá mi lójú pé kò ṣe é ni. Bí ìgbìmọ̀ bá dá a lẹ́bi, wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ayé, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Àti kékeré ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi dé. Mo lọ bá agbẹjọ́rò ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tí kì í dúró lójú kan. Mo ní mo fẹ́ jẹ́rìí fún Ògiri.

“Kí lẹ fẹ́ sọ, Màmá?”

“Mo fẹ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ wo ìwé mi. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sọ jẹ́sì kan nù. Àwọn yòókù ń fi tiwọn tọrẹ, wọ́n ń tà á, wọ́n ń purọ́ pé ó já. Tirẹ̀ pé. Ẹni tí kò jí aṣọ, ṣé eré ló máa jí?”

Ó ṣí ìwé ọ̀hún láàárín, ó rí nọ́ńbà, ó rí ọ̀kan, ó rí méjì, ó pa á dé. Ó ní, “Ó dáa, Màmá. Kò lè pa wá lára.”

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, mo ń lọ aṣọ tí mo máa wọ̀. Ọkọ mi jókòó tì mí, wọ́n ń wo ìwé náà lórí àga.

“Ṣé o ti kà á kó o tó máa gbé e lọ?”

“Ta ló kọ ọ́? Àbí ẹ̀yin lẹ bá mi kọ ọ́?”

“Ìbéèrè kọ́ nìyẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Jókòó, kà á, pàápàá ọjọ́ káàdì yẹn.”

“Ẹ lọ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín,” ni mo dá wọn lóhùn. “Ìwé tèmi kì í parọ́.”

Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ ọgbọ́n púpọ̀, ọjọ́ kan tí wọ́n wá sọ ọ́, mo fi ẹnu gbá a dànù.

Yàrá ìgbẹ́jọ́ tutù bí inú fíríìjì. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, omi wà nínú jọ́ọ̀gì, èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì: ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ògiri jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹjọ́rò nínú kóòtù dúdú. Ẹni tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò mọ iṣẹ́, ọrùn rẹ̀ ká kò. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ìwé tó wà lábíyá mi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí mi, díẹ̀díẹ̀, kí àwọn mẹ́ta yẹn má bàa rí i.

Mo rò pé ó ń sọ pé kí n má ṣe wàhálà ni. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo fi ọwọ́ ṣe é fún un pé fọkàn balẹ̀, mo ti dé.

Mo sọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n san owó fún. Mo sọ nípa aṣọ tó máa ń ká, nípa ẹ kú iṣẹ́, nípa jẹ́sì tí kò sọnù. Mo ní ìwé rèé, ìwé mi kì í parọ́. Obìnrin ọ̀hún gbà á, ó gbé awò sójú, ó ń kà á. Kò ṣe bíi ti agbẹjọ́rò wa. Ó ń fi ìka tọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

“Màmá, ìwé yín wà létòlétò.”

“Ọmọ mi, kì í parọ́.”

“Jẹ́sì méjì-méjì ni wọ́n ń gbà?”

“Méjì-méjì. Kò yẹ̀.”

“Ògiri náà?”

“Ọdún mẹ́sàn-án! Kò sí ọjọ́ eré kan tí kò gba méjì. Ẹ kà á!”

“Mo ti kà á, Màmá. Ọjọ́ kan wà.” Ó yí ìwé náà sí mi, ó fi ìka sórí ìlà kan.

Mo wò ó. Mo rẹ́rìn-ín, orí mi ò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Mo ní, “Hẹ̀ẹ̀! Ìyẹn? Àánú mi ló ṣe é o. Ọwọ́ ń dùn mí, ó wá bá mi, ó ní Ìyá mi, ẹ má lọ èkejì, ọ̀kan ti tó mi lónìí. Ẹ ò rí irú ọmọ tó jẹ́?”

“Aago mélòó ni eré bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Aago mẹ́ta.”

“Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló sì ti sọ fún yín pé òun ò ní wọ jẹ́sì kejì.”

Mo gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn. Mo wo agbẹjọ́rò wa, ó ti fi ọwọ́ bo ojú. Mo wo Ògiri. Ó ń wo tábìlì. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Mo ní, “Ẹ dúró. Mo ṣì í kọ. Kì í ṣe aago mẹ́wàá. Àgbà ti dé sí mi, mo máa ń ṣi nǹkan kọ.”

“Màmá,” obìnrin náà sọ, “ẹ ti sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì pé ìwé yín kì í parọ́.”

Kò pariwo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé mi, wọ́n ní yóò wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé àwọn gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ aago sí i. Ní ìta, agbẹjọ́rò ò jágbe mọ́ mi. Ó kàn ní, “Màmá, wọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ìfurasí lásán ni. Wọn ì bá fi í sílẹ̀.” Ó wọ mọ́tò lọ.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo ti múra sílẹ̀ kí wọ́n sọ pé “mo ti wí.” Wọn ò wí. Wọ́n lọ gbé omi gbígbóná wá nínú abọ́, wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sunkún títí omi ọ̀hún fi tutù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ìdájọ́ dé. Kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ níbikíbi títí ayé. Mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mo bẹ̀bẹ̀. Mo lọ sí ilé ìgbìmọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò jẹ́ kí n wọlé. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta. Kí ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀? Pé kí wọ́n má gba ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbọ́? Ní oríta, àwọn kan gun àkàbà, wọ́n ya ojú Ògiri kúrò lára ilé alájà mẹ́fà náà, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, etí rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sókè fún ọjọ́ méjì. Wọ́n lẹ ọmọ mìíràn síbẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ tẹ́tẹ́ ò kúrò níbẹ̀. Kò kúrò láyà jẹ́sì náà. Mo ṣì ń yí i sí òdì, mo ṣì ń tẹ́ aṣọ funfun lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan ni Ògiri wá kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ lé e, ẹni tí àwọn èèyàn ń kọ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ ọmọ wọn lánàá, ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé e lónìí. Ẹ̀ṣọ́ náà dúró níta, ojú ń ti òun náà. Ògiri gbé ọ̀rá kan dání, bàtà àti sálúbàtà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń dúró sí.

“Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́.”

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Eékún mi ń kanlẹ̀ bọ̀, ó sáré wọlé, ó gbá mi mú ní apá méjèèjì. “Èèwọ̀. Ẹ dìde. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?”

“Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi sin ẹ́.”

“Èmi ni mo gbẹ́lẹ̀ ẹ̀, Ìyá mi.”

Ó jókòó sórí àga ìnàró tí mo máa ń gùn kọ́ aṣọ. Ó sọ ọ́ fún mi, mi ò bi í. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ilé alájà mẹ́fà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà fi owó díẹ̀ sórí fóònù àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí wọ́n fi ṣeré, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń polówó. Ọjọ́ yẹn gan-an ló jẹ. Ó ní ì bá má jẹ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, ó fi orúkọ ẹlòmíràn ń ta á, mọ́tò lọ, ilẹ̀ tó rà lọ, ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀. Àwọn tó yá a lówó wá bá a. Wọn ò sọ pé kó jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa pàdánù. Káàdì kan péré ni wọ́n ní àwọn fẹ́, gbogbo gbèsè á sì parẹ́.

Mo tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Nǹkan kan ṣáà wà tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn, tí kì í jẹ́ kí n sùn. Mo bi í.

“Kí ló wá dé tó o fi sọ fún mi? O ò bá dákẹ́. O ò bá jẹ́ kí n lọ̀ ọ́. Jẹ́sì ẹyọ kan! Kí ni ì bá gbà mí?”

Ó wo ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé mo tún ti ń fi òsì tẹ ọ̀tún.

“Mo mọ̀ pé mi ò ní wọ̀ ọ́,” ló sọ. “Mo kàn wá kí yín lásán ni, Ìyá mi, ọkàn mi ò balẹ̀ ni mo ṣe wá. Mo wá rí yín tẹ́ ẹ̀ ń tẹ ọwọ́, ẹ sì ń nawọ́ mú èkejì. Mi ò lè dúró kí n máa wò yín kí ẹ máa jẹ̀rora lórí aṣọ tí mo mọ̀ pé mi ò ní wọ̀.”

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Irọ́ ni. Ọmọ yìí da omi síwájú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú rẹ̀, èmi ni mo sì tì í. Ẹ̀ṣọ́ níta wúkọ́, ó ń sọ fún wa pé àkókò ti lọ.

Jẹ́sì kejì ọ̀hún ṣì wà lórí ìkọ́ nọ́ńbà mẹ́rin, bó ṣe rún láti ọjọ́ náà. Mi ò fọwọ́ kàn án látìgbà yẹn. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo yí i sí òdì, mo tẹ́ aṣọ funfun lé e, mo gbé áyọ́ọ̀nù. Ògiri ní, “Ìyá mi, ẹ fi sílẹ̀.” Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Mo lọ apá, mo lọ ẹ̀yìn, mo lọ nọ́ńbà mẹ́rin náà títí kò fi sí wíwọ́ kankan lára rẹ̀. Ó dùn mí dé ìgúnpá. Ó dúró, ó ń wò mí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Mo ká a bó ṣe máa ń ká a, mo tì í sínú ọ̀rá, sábẹ́ bàtà, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ò ti ní rí i. Ẹrù ẹgbẹ́ ni. Olè ni mo jà yẹn, ẹ kúkú pè é bó ṣe jẹ́.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sídìí tábìlì, mo ṣí ìwé tuntun tí mo rà. Mo kọ ọjọ́. Mo kọ aago. Mo di bírò mú síbẹ̀ títí ẹ̀rọ ìfọṣọ fi dákẹ́, mo wá fi ìlà pa ọjọ́ àti aago náà rẹ́, mo pa ìwé dé. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, nǹkan àkọ́kọ́ nìyẹn tó jáde ní yàrá mi tí mi ò kọ.